Ọ̀pá tí Ó Bá Ọwọ́ Sadatou Mu

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta, oṣù Òkúdù

Òjò bẹ̀rẹ̀ kí àkùkọ tó kọ, kò sì dáwọ́ dúró títí di ọ̀sán. Síbẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ pé jọ sí àgbàlá mi, wọ́n sì fẹnu kò: Sadatou, ọmọ àbúrò mi Sìdíkátù, ni yóò ṣojú gbogbo Ìfọ̀nyìn níbi ìdíje bíyáà, eré bọ́ọ̀lù orí tábìlì tí a ń fi ọ̀pá gbá, tí wọn yóò ṣe ní Àjàṣẹ́, ní ọjọ́ kejì ọdún òmìnira. Láti ìgbà tí bàbá mi ti fi iṣẹ́ agbẹnusọ ìlú yìí lé mi lọ́wọ́, n kò tíì rí i kí wọ́n yan obìnrin fún irú nǹkan báyìí. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé oúnjẹ.

Ṣùgbọ́n kí a tó túká, àgbà kan sọ̀rọ̀, n kò ní í dárúkọ rẹ̀ síbí. Ó ní, "Ó dára, ẹ rán an. Bí ó bá dójú tì wá lọ́hùn-ún, kí ẹnikẹ́ni má tún mú orúkọ obìnrin wá síwájú wa mọ́." Sadatou wà ní ẹnu ọ̀nà, ó gbọ́.

Òfin ìdíje náà sì ni pé kí oníkálukú mú ọ̀pá tirẹ̀ wá. Sadatou kò ní ọ̀pá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Iléyá ku ọ̀la. Àgbò gbówó lórí ju ti èṣí lọ, ata náà sì tẹ̀ lé e.

Mo lọ sí ilé ọtí Odile, níbi tí tábìlì bíyáà wà, kí n lè fojú ara mi rí àwọn ọ̀pá tí ọmọ wa fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Ọ̀kan wúwo bí ọmọ odó, èkejì fúyẹ́ bí ọwọ̀, ẹ̀kẹta tẹ̀ bí ọrun ọdẹ.

Mo ní, "Odile, ṣé igi wọ̀nyí ni o gbé ka iwájú àwọn ọmọ ènìyàn?"

Ó ní, "Bàbá Agbẹnusọ, ẹni tí ó bá fẹ́ igi tí ó gún, kó lọ sí oko tíìkì. Ọtí ni mò ń tà ní tèmi."

Sadatou ti ibi iṣẹ́ ìránṣọ dé, okùn ìwọ̀n ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó mú ọ̀kan nínú àwọn ọ̀pá náà, ó gbé e ka ìka kan ṣoṣo, ó ń sún un díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dúró.

"Ẹ wò ó, Bàbá. Ibi tí kò ti ṣubú síwájú, tí kò ṣubú sẹ́yìn, ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ wà. Bí ọkàn rẹ̀ bá lọ síwájú jù, ọrùn ọwọ́ mi á máa ro mí. Bí ó bá lọ sẹ́yìn jù, ẹnu rẹ̀ á máa gbéra sókè, n kò sì ní í lè gbá abẹ́ bọ́ọ̀lù."

"Kí ni ó wà ní abẹ́ bọ́ọ̀lù?"

Ó tẹ̀ ba, ó gbá bọ́ọ̀lù funfun nísàlẹ̀. Funfun kan pupa, pupa wọ ihò, funfun sì yí padà, ó rọra bọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ̀ bí ẹni tí a rán níṣẹ́ tí ó jíṣẹ́ tán. Mo ti gbọ́ kí ènìyàn fi ọ̀rọ̀ pe ọ̀rọ̀ padà. N kò mọ̀ pé a lè fi igi ṣe é. Mo béèrè ẹni tí ó kọ́ ọ. Ó ní inú tẹlifóònù ni òun ti rí i, òun sì ń dán an wò ní ìrọ̀lẹ́ tí aṣọ bá ti tán lórí ẹ̀rọ.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Èmi àti Sadatou gun alùpùpù zẹ̀mí lọ sí Banigbé lọ́dọ̀ Fábíyìí gbẹ́nàgbẹ́nà. Ẹrẹ̀ dé orúnkún wa kí a tó débẹ̀. Fábíyìí kì í ṣe onírẹ̀lẹ̀, kò sì yẹ kó jẹ́ bẹ́ẹ̀: ẹni tí ó mọ iṣẹ́ tó báyìí lè fọ́nnu.

Ó ní, "Ẹ̀rúkọ́ tí mo gbẹ́ fún àwọn ará Lagbé, ọmọ wọn ló ń fi ro oko báyìí. Kí wá ni ti igi tí a fi ń ti bọ́ọ̀lù?"

Mo kí i, mo ki bàbá rẹ̀ fún un, mo sì sọ ohun tí a bá wá. Ó wo Sadatou láti orí dé ẹsẹ̀, ó wọlé, ó gbé ọkọ́ kan jáde.

"Lọ kọ ebè kan fún mi lẹ́yìnkùlé."

Sadatou wò mí. "Bàbá, ṣé oko ni a wá ro ni?"

Fábíyìí ní, "Ṣé o fẹ́ ọ̀pá àbí o ò fẹ́?"

Ọmọ náà bọ́ bàtà, ó kọ ebè. Fábíyìí jókòó sórí ìtì igi, ó ń wo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń bọ́ sí. Bí ọmọ náà ti gbé ọkọ́ náà padà, Fábíyìí fi èédú sàmì sí ibi tí ọwọ́ ẹ̀yìn ti gbá a mú. Ó ní òun kì í gbẹ́ ẹ̀rúkọ́ fún ẹni tí òun kò tíì rí lẹ́nu iṣẹ́, nítorí pé igi kì í ṣe ti irin orí rẹ̀, ti ọwọ́ ìdí rẹ̀ ni. Mo ti ń sọ̀rọ̀ ní ìlú yìí tipẹ́. Mi ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ó ṣe ṣókí, tí ó sì kún, tó ìyẹn rí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlélógún

Ọ̀pá àkọ́kọ́ dé. Igi ọ̀mọ̀ ni. Ó dán, ó lẹ́wà, kò sì wúwo ju ìyẹ́ lọ. Sadatou gbá bọ́ọ̀lù mélòó kan, ó gbé e kalẹ̀ pẹ̀lẹ́.

"Ẹ ṣé, Bàbá Fábíyìí. Mo kàn ń múra láti gbá a ni, ó ti lọ. Ó ń jó lọ́wọ́ mi."

"Ọwọ́ rẹ ló ń jó."

"Ẹ̀yin náà ẹ gbá a wò."

Fábíyìí gbá a wò. Bọ́ọ̀lù funfun fò kúrò lórí tábìlì, ó bọ́ sábẹ́ àga Odile. Ó ní ọ̀pá náà yóò dára púpọ̀ láti fi já ọsàn.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Òjò. Fábíyìí ránṣẹ́ pé igi kò gbẹ, kí n má wá yọ òun lẹ́nu.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta, oṣù Agẹmọ

Igi apá ni ó fi gbẹ́ ọ̀pá kejì láti ìdí dé ẹnu. Ó wúwo bí ẹjọ́ ilẹ̀. Nígbà tí Sadatou fi gbá bọ́ọ̀lù, ariwo rẹ̀ mú kí àwọn tí ń mutí gbójú sókè. Mathias, tí ó ń jó irin mọ́ irin ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Nàìjíríà, tí kì í sì í pẹ́ kó tó rí ohun tí ó wù ú, pàtẹ́wọ́.

"Èyí ni ọ̀pá! Ẹni tó ń lọ sí Àjàṣẹ́ kì í mú igi ìfọyín lọ."

Ó wu Sadatou náà. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni ó fi gbá bọ́ọ̀lù. Nígbà tí mo yà sílé wọn, Sìdíkátù ń fi òrí ra ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tí ó ti wú. "Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ tí yóò ránṣọ lọ́la nìyí," ni ó sọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹwàá

Ẹ bá mi yin Fábíyìí! Iwájú ọ̀pá kẹta jẹ́ tíìkì, ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ apá, ó sì so wọ́n pọ̀ débi pé èékánná mi kò rí ojú oríkèé wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe lẹ́yìn náà ni n ó máa rò títí. Ó lu ihò sínú ìdí ọ̀pá náà, ó ge òjé wẹ́wẹ́ bí ẹ̀wà, ó ń jù ú sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, Sadatou sì ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn èyíkéyìí tí ó bá jù sí i.

"Ó kù díẹ̀," ni ọmọ náà ń sọ. "Ó tún kù díẹ̀. Ẹ yọ kan. Ó tó."

Wọ́n gbé e ka ìka. Ó dúró gbọnrangandan. Fábíyìí wá mú ọkọ́ tí ó fi èédú sàmì sí wá, ó tẹ́ wọn ka ẹ̀gbẹ́ ara wọn: ibi tí èédú wà ni ọwọ́ Sadatou bọ́ sí lára ọ̀pá, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Ó gbá abẹ́ bọ́ọ̀lù, funfun sì padà wá bá a títí ó fi sú Odile.

Odile ní, "Bàbá Fábíyìí, ẹ wá gbẹ́ ọkọ kan fún mi báyìí."

"Igi tí yóò gbà fún ọ kò tíì hù," ni Fábíyìí wí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlá

Mo pe ìlú sí àgbàlá mi láti fi ọ̀pá náà lé Sadatou lọ́wọ́. Òjò dá, ojú ọjọ́ tutù. Mo sọ̀rọ̀, ẹnu mi sì rọ̀ mí. Mo ní ọ̀pá yìí kì í ṣe ti ẹnìkan, ti gbogbo wa ni. Ẹni tí kò bá lè gbá bọ́ọ̀lù, kó fi ohun tirẹ̀ sí i kí ọwọ́ rẹ̀ lè bá wa dé Àjàṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n lára. Mathias dìde, ó ní òun yóò fi idẹ dé ìdí rẹ̀. Alhaji Jẹ́láàní ní awọ àgbò Iléyá òun ti gbẹ, òun fi ṣe sàráà fún ọmọ náà kí wọ́n fi wé ibi ìdìmú. Sìdíkátù bú sẹ́kún, ó bọ́ ẹ̀gbà bàbà ìyá wa tí ó ti ṣaláìsí, ó ní kí wọ́n lù ú mọ́ ọn lára. Kò sí ẹni tí omi kò pé lójú.

Fábíyìí kò sọ̀rọ̀. Mo gbà pé ayọ̀ ló mú un.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Idẹ, awọ àti ẹ̀gbà ti wà lára ọ̀pá. Bí oòrùn bá bà lé e, ó ń kọ mànà bí ọ̀pá àṣẹ ọba. Mo lọ wo Sadatou kí n lè fi í yangàn. Odile na án lórí tábìlì. Odile tí kì í na ẹnikẹ́ni, tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ife lọ́wọ́ kejì!

Odile ní, "Vrémà, lóòótọ́ ni, èmi ni kí ẹ rán lọ. N ó tilẹ̀ bá yín gbé ọtí dání."

Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Sadatou náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó gbá ọ̀pá náà mọ́ra, ó lọ sílé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlógún

Sadatou wá ní òwúrọ̀, ó kúnlẹ̀, kò sì dìde nígbà tí mo ní kó dìde.

"Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Ẹnu ọ̀pá náà ń gbéra. Bí mo bá fojú sun abẹ́ bọ́ọ̀lù, orí rẹ̀ ni mò ń bá. Funfun ń tẹ̀ lé èyí tí mo gbá, ó ń bá a wọ ihò."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí wọ́n ti fi ẹ̀bùn sí i."

"Èé ṣe tí o kò sọ?"

Ó wo ilẹ̀. "Ẹ̀gbà ìyá yín ni. Sàráà Alhaji ni. Ẹ̀yin lẹ sì sọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn fi sunkún. Ta ni n ó sọ fún?"

Mo gbé ọ̀pá náà ka ìka. Ìdí rẹ̀ já lulẹ̀ kí n tó mí. Mo ránṣẹ́ sí Fábíyìí pé, ṣé ó mọ̀? Èsì tí ó fi ránṣẹ́ ni pé òun mọ̀ láti ìgbà tí mo ti la ẹnu, ṣùgbọ́n odò tó kún kì í gbọ́ "dúró."

Ó tọ̀nà. Òun fi òjé wẹ́wẹ́ wọn ọ̀pá náà títí ó fi pé. Èmi fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kún un títí ó fi wó. Ìdíje kù sí dẹ̀dẹ̀. Ta ni ó sì ń dá ẹ̀bùn padà ní ilẹ̀ yìí? Kódà ẹni tí a fún ní àwo ọbẹ̀ kì í dá àwo náà padà lófìfo.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlógún

Sìdíkátù ni mo kọ́kọ́ lọ bá, torí pé tirẹ̀ ni mo bẹ̀rù jù. Mo ti to ọ̀rọ̀ pọ̀ lọ́nà, mo fẹ́ gba ọ̀dọ̀ ìyá wa wọlé, kí n yí gba ọ̀dọ̀ ọmọ jáde. N kò tíì dé ìdajì nígbà tí ó dá mi dúró.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ̀gbà yẹn ń wúwo fún un ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Kí ló dé tí ẹ ò ti sọ bẹ́ẹ̀? Ṣé ẹ rántí kí ìyá wa wọ ẹ̀gbà gún odó rí? Bó bá ti fẹ́ ṣiṣẹ́, yóò bọ́ ọ, yóò fi í kọ́ sára ògiri. Lẹ́yìn iṣẹ́ ni ó ń wọ̀ ọ́. Ẹ bọ́ ọ kúrò lọ́wọ́ ọmọ mi, ó fẹ́ ṣiṣẹ́."

Àbúrò mi yìí kò tíì sọ̀rọ̀ níwájú ìlú rí láyé rẹ̀. Ọpẹ́ ni fún ìyá tí ó bí àwa méjèèjì.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlélógún

Alhaji Jẹ́láàní gbọ́ mi tán, ó ń yí tẹ̀súbáà.

"Agbẹnusọ, sàráà kì í padà sílé ẹni tó ṣe é. Bí ẹ bá gbé e wá, n kò ní í gbà á."

Mo ní kì í ṣe pé mo fẹ́ dá a padà. Mo ní ohun tí a fi ṣe sàráà ti di ti ẹni tí a fún, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ẹni tí a fún sì jẹ́ aránṣọ. Bí ó bá fẹ́ kí awọ yìí bo gbogbo ọ̀pá dípò kó wé ìdí rẹ̀ nìkan, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?

Ó ní, "Ẹ fẹ́ rán àpò."

"Àpò ni, Alhaji. Nínú rẹ̀ ni yóò ti máa sùn."

Ó rẹ́rìn-ín títí tẹ̀súbáà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní àgbò méjì ni òun pa, awọ kejì wà nílé, kí n ránṣẹ́ wá gbà á nítorí pé ọ̀kan kò ní í tó. Ọlọ́run má jẹ́ kí irú wọn tán láàárín wa.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Ti Mathias kò rọrùn. Ó ń jó ilẹ̀kùn irin kan, kò yọ awò ojú rẹ̀ nígbà tí mo kí i. Mo sọ ti ìyá wa àti ẹ̀gbà. Mo sọ ti àpò. Ó ní, "Dakọ́ọ̀, mo gbọ́. Ìyá yín bọ́ ẹ̀gbà, Alhaji rí àpò. Èmi wá ńkọ́? Idẹ tí mo fi ọjọ́ ìsinmi mi dà, kí n mú un padà lọ́wọ́ yín níṣojú gbogbo ìlú?"

Nígbà tí ó yá ó pa iná, ó nu ọwọ́, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n fojú mi rí i."

A lọ sí ilé ọtí Odile. Ó ní kí Sadatou gbá bọ́ọ̀lù kan náà, ibi kan náà, pẹ̀lú idẹ rẹ̀ nìkan nídìí ọ̀pá, torí a ti bọ́ ẹ̀gbà àti awọ kúrò. Sadatou gbá a; funfun bá pupa wọ ihò. Ó tún gbá a. Ó tún wọlé. Mathias fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú idẹ náà. Sadatou tẹ̀ ba, ó gbá abẹ́ bọ́ọ̀lù, pupa wọlé, funfun sì yí padà títí ó fi dúró níwájú ikùn Mathias. Mathias gbé bọ́ọ̀lù náà lọ́wọ́.

"Idẹ mi ló ń dí i lọ́wọ́," ni ó wí. "Mo rò pé mò ń fún un lágbára ni."

Ó fi idẹ sápò ṣòkòtò. Ó ní òun ni yóò wa ọkọ̀ tí yóò gbé wa lọ sí Àjàṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má dá sí i. Ọkùnrin ni Mathias. Kí ènìyàn ní ohun, kó rí i pé ó ń ṣèdíwọ́, kó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú u: àwọn ọba tí kò lè ṣe é pọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Fábíyìí wá láti Banigbé, ó gbé ọ̀pá ka ìka, ó yọ òjé kan, ó tún dá a padà. Ó ní kí a má bá òun sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kìíní, oṣù Ògún

Ọdún òmìnira. Òjò pa àsíá. Sadatou kò fọwọ́ kan ọ̀pá, ó ní kí ọwọ́ òun sinmi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejì

Mo ń kọ èyí nínú ọkọ̀ Mathias, lójú ọ̀nà ilé, ilẹ̀ kò tíì ṣú. Kí ẹni tí yóò kà á foríjì ìkọ̀wé mi, kòtò pọ̀.

Gbọ̀ngàn náà kún. Àwọn ọkùnrin ní ọ̀pá tí wọ́n rà láti òkè òkun, nínú àpótí onírin tí ó ń ṣí bí ti dókítà. Nígbà tí Sadatou fa tirẹ̀ yọ nínú awọ àgbò, àwọn kan fi ẹ̀rín bo ẹnu. Ó na ẹni àkọ́kọ́. Ó na ẹni kejì, ẹ̀rín sì dín. Sìdíkátù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹ̀gbà ìyá wa lọ́wọ́ rẹ̀, kò wo tábìlì lẹ́ẹ̀kan, ojú ọmọ rẹ̀ ni ó ń wò.

Àṣekágbá kan òun àti arákùnrin kan láti Pọ́bẹ̀, ọkùnrin gìrìpá tí ọwọ́ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, tí mo sì yìn látọkàn wá. Wọ́n gbá a títí ó fi ku bọ́ọ̀lù dúdú nìkan fún àwọn méjèèjì. Ó kan Sadatou. Dúdú wà ní etí ihò, funfun wà lókèèrè, wọ́n sì tò tààrà. Kò sí ẹni tí kò lè gbá a wọlé. Ohun tí ó le ni pé bí funfun bá tẹ̀ lé e wọlé, ó ti pàdánù. Àgbà tí ó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ wà lẹ́yìn mi.

Sadatou fi ẹfun búlúù pa ẹnu ọ̀pá. Ó tẹ̀ títí àgbọ̀n rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan igi. Ẹnu ọ̀pá náà kò gbéra. Ó gbá a.

Dúdú wọlé. Funfun dé etí ihò, ó dúró bí ẹni tí ó gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó sì yí padà, ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, títí ó fi dé àárín tábìlì.

N kò mọ ẹni tí ó gbá mi mọ́ra. Nígbà tí ojú mi là, àgbà náà ni, ó ń sunkún lé mi léjìká, ó ń béèrè bóyá a ní obìnrin mìíràn tí ó mọ̀ ọ́n gbá bí èyí. Mo ní yóò wà.

Arákùnrin Pọ́bẹ̀ wá kí Sadatou tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní, "Àbúrò, jọ̀wọ́, jẹ́ kí n gbé igi yẹn wò." Ó wọ̀n ọ́n lọ́wọ́, ó tẹ̀ ba, ó gbá bọ́ọ̀lù kan. Ó tàsé pátápátá. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, òun náà sì rẹ́rìn-ín.

"Ta ni ó lè fi nǹkan yìí gbá bọ́ọ̀lù?"

Sadatou fi ọwọ́ méjèèjì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, èmi nìkan ni wọ́n gbẹ́ ẹ fún."

Wọ́n wá na ẹ̀rọ ìgbóhùn sí mi kí n sọ̀rọ̀ lórúkọ Ìfọ̀nyìn. Ọ̀rọ̀ pọ̀ níkùn mi, ó dára, ó gùn. Mo pe orúkọ Sadatou, mo pe orúkọ ìyá rẹ̀, mo pe orúkọ Fábíyìí ará Banigbé. Mo dá ẹ̀rọ náà padà fún wọn, mo sì jókòó.